Ojú-Àwòdì àti Ògiri Búlúù

"Fi búlúù kún un!"

"Bàbá, ó ti tó."

"Mo ní kó o fi kún un! Ta ni akunlé nínú èmi àti ìwọ?"

Ọmọbìnrin náà bu díẹ̀ sí i. Bàbá àgbà rẹ̀ tẹ̀ mọ́ korobá ọ̀dà náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà, ó fi ọ̀pá rò ó, ó sì mi orí bí ọba. Bó ṣe kọ̀yìn láti lọ gbé àkàbà báyìí, ọmọ náà sáré da ìlàjì agolo funfun sínú korobá, ó rò ó wìrìwìrì, ó sì dúró bí ẹni tí kò mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún.

"Ó ti rí bó ṣe yẹ kó rí báyìí, Bàbá."

"Ṣé o rí i? Ọwọ́ àgbà nìyẹn!"

Kí-ló-fà-á ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọbìnrin yìí. Wọ́n ní igbe tó ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí i kì í ṣe ẹkún rárá, ìbéèrè ni. Bí òjò bá ń rọ̀, á bi òjò ní ohun tó fà á. Bí òjò bá dá, á tún bi í ní ohun tó fà á tó fi dá. Ó bi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn ní ìbéèrè títí tí ọkùnrin náà fi ń gba ojú fèrèsé jáde ní kíláàsì.

Bàbá àgbà rẹ̀ ńkọ́? Òun ni akunlé tí wọ́n ń pè ní Ojú-Àwòdì. Kì í fi agolo wọn ọ̀dà, ojú ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ojú náà ṣì jẹ́ ojú, bí ẹ bá kó oríṣi funfun ogún síwájú rẹ̀, á sọ èyí tó jẹ́ funfun eyín, èyí tó jẹ́ funfun ẹyin, àti èyí tó jẹ́ funfun òwú tí wọ́n fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn ní ó lè rí àlàfo kékeré tí búrọ́ọ̀ṣì fò lára ògiri, láti ìdí ilé kejì, nígbà tó ń sùn!

Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni ọ̀ràn búlúù ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí búlúù tó tó bàbá mọ́. Ó ní àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ti ń bu omi lé e. Ó ní iná ọkọ̀ ti pọ̀ jù, ó ń fọ́n sí òun lójú bí ìyẹ̀fun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ kí òpó iná, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, mà," ó sì bínú títí di alẹ́ pé obìnrin náà ò dá òun lóhùn.

Kí-ló-fà-á rí gbogbo rẹ̀. Ó sì ti bi í léèrè.

"Kò sí nǹkan tó fà á!" ni bàbá jágbe. "Bí akunlé bá ní ojú ń dun òun, ta ló máa tún gbé ilé fún un kùn? Bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, o ò ní fọwọ́ kan ọ̀pá yìí mọ́."

Ọ̀pá tí bàbá fi ń po ọ̀dà ni. Ọ̀dà oríṣiríṣi ti dì lé e lórí fún ọdún gbọọrọ títí ó fi sanra bí apá oníjàkadì. Ẹni tó bá ń di ọ̀pá náà mú ló mọ iṣẹ́, kò sì sí ohun tó wu Kí-ló-fà-á láyé jù ú lọ. Nítorí náà ó pa ẹnu mọ́. Ó ń fi funfun tún búlúù ṣe lẹ́yìn bàbá, ó sì rò pé oore ni.

Onígbàjámọ̀ ojúlé kejì ló tún dá kún ẹ̀rù wọn. Lọ́jọ́ kan tó ń fá orí bàbá, ó wo inú ojú rẹ̀, ó súfèé.

"Háà, Ojú-Àwòdì! Awọ ti bo ọmọlójú yín. Ẹ má gbé e dé ọsibítù o. Wọ́n á yọ ẹyinjú síta, wọ́n á gbé e sínú abọ́, wọ́n á fi ọbẹ bó o bí ọsàn. Mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n dá tirẹ̀ padà lódì. Inú orí ara rẹ̀ ló ń wò títí di òní."

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Kí-ló-fà-á bi í.

"Níbo?"

"Nínú orí rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ yí orí bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń fá a lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá gbọ́ ọsibítù, á dìde kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò ìṣirò ni aṣọ ya mọ́ wọn lára. Ilé-ìwé Kí-ló-fà-á gan-an ló gbé iṣẹ́ fún bàbá, pé kó kun ilé kíláàsì tó kọjú sí pápá ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń bá ìṣirò jìjàkadì. Bàbá wà níta, òun àti korobá nìkan. Kò sí ẹni tó máa da funfun sí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, gbogbo ilé-ìwé rọ́ lọ sí pápá. Ẹ̀yin èèyàn mi, búlúù náà le débi pé etí ń gbọ́ ọ! Ẹyẹ kan ti ọ̀nà jíjìn fò wá, ó rò pé ojú ọ̀run ni, ó forí sọ ògiri. Ajá tó ń kọjá lọ fi ẹsẹ̀ bo ojú. Níwájú ògiri náà, bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti ṣi àtẹ̀gùn àkàbà tó kẹ́yìn tẹ̀, ó sì ti fi ìdí jókòó sínú korobá. Ṣòkòtò rẹ̀ búlúù tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri fi ń jowú rẹ̀.

"Kí-ló-fà-á, kí ló wá fa èyí?" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo. "Ojú-Àwòdì ti di ojú àdán!"

Ẹ̀rín bolẹ̀. Omijé dé ojú ọmọ náà. Kí wọ́n má bàa rí i, ó já ọ̀rá kan tó pọ́n rúsúrúsú tí bàbá fi bo gíláàsì fèrèsé nítorí ọ̀dà, ó fi bo ojú. Ó wo ògiri láti inú ọ̀rá náà. Ẹkún rẹ̀ dá.

Ògiri náà ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀! Ó ti di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ọmọlúwàbí búlúù. Ó ṣí ọ̀rá, ògiri ya wèrè. Ó fi bojú, ara ògiri yá. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fò sókè. "Nǹkan tí Bàbá ń rí nìyí! Nǹkan rúsúrúsú kan ló wà lójú rẹ̀ tó ń gbé búlúù mì!"

Ọ̀gá ilé-ìwé ti dé. Obìnrin náà wo ògiri, ó wo korobá, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi nílé. A ó wá akunlé mìíràn. Ọjọ́ ogbó ti dé, ọpọlọ á máa rẹ èèyàn."

"Ọ̀dà ni kò dáa, mà," ni bàbá ń sọ, ohùn rẹ̀ kéré.

Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ojú náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbè é. Ọ̀rọ̀ kan péré, "ọ̀dà ni", ọ̀pá á sì jẹ́ tirẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà tún rí àkàbà tó dúró gbọnrangandan lẹ́yìn bàbá: bó bá tún ṣìsẹ̀ lókè, korobá kọ́ ló máa gbà á.

"Kì í ṣe ọ̀dà, mà," ni Kí-ló-fà-á wí. "Kì í sì í ṣe ọpọlọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́. Èmi ni mo ń fi funfun tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bàbá dìde, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọrí sílé pẹ̀lú ìdí búlúù, láì wẹ̀yìn.

Ọ̀gá ilé-ìwé tẹ̀ lé wọn délé. Ó ní òun ò ní gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn títí wọ́n á fi wọlé láti ìsinmi, ṣùgbọ́n bàbá ò gbọdọ̀ gun àkàbà nínú ilé-ìwé òun títí dókítà á fi wo ojú rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá ò fi bá Kí-ló-fà-á sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ omi, ife ló ń bá sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ fún ilẹ̀kùn pé, "Sọ fún ọmọ yẹn kó mú mi lọ."

Obìnrin tó sanra, tó máa ń rẹ́rìn-ín, ni dókítà ojú. Ó tan iná kékeré sí ojú bàbá, ó wò ó pẹ́.

"Bàbá, kataráàtì ni. Ó wà ní ojú méjèèjì, ti ọ̀tún ló le jù."

"Awọ ni, àbí?" ni bàbá bi í. "Ẹ fi nǹkan há a kúrò."

"Kì í ṣe awọ, kò sí lórí ojú rárá. Lẹ́yìn ọmọlójú, nínú lọ́hùn-ún, gbogbo wa ní nǹkan kékeré kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì fèrèsé. Lẹ́ńsì là ń pè é. Ara rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Tiyín ló ti ṣú, ó ti pọ́n rúsúrúsú."

"Bí ọ̀rá!" ni Kí-ló-fà-á kígbe. "Kí ló fà á?"

Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Dókítà dáhùn pé, "Ọjọ́ orí ló sábà máa ń fà á. Oòrùn líle, sìgá, ìtọ̀ ṣúgà àti kí nǹkan gbá èèyàn lójú náà máa ń dá kún un."

"Ṣé kò sí oògùn tí èèyàn lè kán sí i?"

"Jẹ́ kí n bi ìwọ náà. Bí o bá fọ́ ẹyin adìyẹ ní tútù, báwo ni omi rẹ̀ ṣe máa ń rí?"

"Ó mọ́ gaara."

"Bí o bá wá sè é ńkọ́?"

"Á di funfun. Èèyàn ò ní lè ríran gba inú rẹ̀ kọjá."

"Oògùn wo lo máa kán sí ẹyin sísè kó tún padà di tútù?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, Kí-ló-fà-á ò ní ìbéèrè.

Bàbá fi ọwọ́ bo ojú méjèèjì. "Nítorí náà ẹ ó yọ ẹyinjú mi sínú abọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Onígbàjámọ̀ wa."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí àga fi ń ké. "Ẹ jẹ́ kó máa gé irun, Bàbá! Ojú yín ò ní kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí. A ó fi oògùn pa ojú náà kó má mọ ìrora. A ó la ibi tó kéré bí ẹnu èèrà, a ó fọ́ lẹ́ńsì tó ti ṣú sí wẹ́wẹ́, a ó fà á jáde, a ó sì fi lẹ́ńsì oníke tó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò ní sùn, ẹ ó máa gbọ́ ohùn wa. Kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò ní ewu tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí máa ń yọrí sí rere fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ká ní ẹ tètè wá ni, ì bá rọrùn jù báyìí lọ, nítorí bó ṣe ń pẹ́ ló ń le sí i."

Kí-ló-fà-á wo ilẹ̀. Gbogbo agolo funfun tó ti dà láti ọdún tó kọjá padà wá síwájú rẹ̀, ó tò bí ẹlẹ́rìí.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Ọjọ́ náà ni bàbá padà sílé, ìbòjú líle lórí ojú, ìròyìn ní ẹnu: iná mẹ́ta ló ń jó lókè òun, òun sì rí àwọ̀ kan tí kò tíì sí ẹni tó pò ó láyé rí! Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí ìbòjú, ó wo dókítà, ó la ẹnu.

"Aṣọ yín funfun! Mo rò pé ẹ kì í fọ̀ ọ́ ni."

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Kí-ló-fà-á di ọlọ́pàá. Òun ló ń kán oògùn sí i ní àkókò. Bí ọwọ́ bàbá bá fẹ́ rìn sójú láti họ ọ́, á pariwo tí ìdajì àdúgbò á fi jí. Kò jẹ́ kó gbé ẹrù, kò jẹ́ kó súnmọ́ eruku. Nígbà tí dókítà ní ojú ti san, ọ̀nà ilé-ìwé ni bàbá kọ́kọ́ gbà. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé wọn, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ẹyinjú náà wà lódì.

Wọ́n yọ sí pápá. Bàbá dúró bí ẹni tí àrá sán níwájú rẹ̀.

"Yéè! Ta ni wèrè tó kun ilé yìí?"

Ọ̀gá ilé-ìwé wúkọ́. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni Kí-ló-fà-á wí.

Bàbá fi ọwọ́ dí ojú ọ̀tún, ó fi ti òsì tí wọn ò tíì ṣe wo ògiri. "Ó dáa." Ó dí ti òsì, ó fi ti ọ̀tún wò ó. "Wèrè ni!" Ó tún un ṣe. "Ó dáa. Wèrè ni! Ó dáa. Wèrè ni!" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, títí ó fi jókòó sílẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú lọ́wọ́ mi. Àìsàn tí mò ń fi pamọ́ fún èèyàn, kò fi ara rẹ̀ pamọ́ fún èmi. Ìwọ náà, ìfẹ́ ló mú ẹ máa da funfun lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bo àìsàn mọ́lẹ̀ fún èèyàn rẹ̀, àìsàn ló ń fún lóúnjẹ. Ọjọ́ tó o sọ òótọ́ tí mo fi bínú sí ẹ, ọjọ́ náà lo ṣe oore." Ó na ọ̀pá sí i. "Gbà. Ìwọ lo máa po búlúù tuntun. Ṣùgbọ́n bó o bá tún rí i pé ojú mi ń ṣì í wò, kí lo máa ṣe?"

"Màá pariwo, Bàbá."

"Pariwo báwo?"

Kí-ló-fà-á di ọ̀pá náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fa èémí, ó sì pariwo tí ẹyẹ gbogbo fi fò kúrò lórí òrùlé, tí onígbàjámọ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹyinjú ara rẹ̀ mú.