Ikú Tí Abibat Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

"Ẹni tó ni láìnì gan-an la fẹ́ rí," ni Àdíját, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ fóònù kan ní Àgọ́-Ìwòyè, wí láìgbójú sókè.

"Àǹtí, ó ti wà ní Kánádà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Kó kọ lẹ́tà, kó fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́."

Ìgbà kẹta rèé tí Abibat máa wọ mọ́tò láti Ojowo, gba Òrù, wá síbí. Láti ìgbà tí Ọláyíwọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti kúrò nílùú, iléeṣẹ́ náà ò yéé gé owó nínú àkáǹtì rẹ̀ lórí láìnì olóṣooṣù tó gbà nígbà tó wà ní yunifásítì. Láìnì yẹn ni Abibat wá tì pa. Ọláyíwọlá ti ní òun á kọ lẹ́tà náà lọ́la, Sátidé, tí òun ò ní lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣekágbá Abibat ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ ń dùn ún, gbogbo rẹ̀ ti sú u.

Ọláfẹ́mi, ọmọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn rẹ̀, sọ̀rọ̀ sí i létí. "O ò ṣe sọ pé ó ti kú? Wọn ò lè ní kí òkú wá fọwọ́ sí nǹkan."

Abibat rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, ó kọ ọ́ pé ẹni tó ni láìnì ti kú.

Àdíját kà á, ó wo orúkọ àti àdírẹ́sì, ó wá wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọmọ Ìyá Ọláyíwọlá ni ẹ́? Màámi àti ìyá ẹ jọ ń ṣe àsàlátù. Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Má wulẹ̀ dààmú mọ́." Ó ti láìnì náà pa lójú ẹsẹ̀.

Abibat sùn nínú mọ́tò títí dé ilé.

Kò tíì jẹun alẹ́ tán tí àwọn obìnrin àsàlátù mẹ́rin fi wọlé pẹ̀lú ìbòrí funfun. "Ìyá Ọláyíwọlá, ẹ mú un mọ́ra. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ."

"Ta ni?" ni ìyá bi wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn dárúkọ Ọláyíwọlá.

Fóònù Abibat ni wọ́n fi ń bá Ọláyíwọlá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti lọ, àmọ́ ìpayà ò jẹ́ kí ìyá rántí. Nọ́ńbà àtijọ́ tó mọ̀ lórí ló tẹ̀. Ohùn inú ẹ̀rọ ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Ó tún un tẹ̀. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màámi, kò kú," ni Abibat wí. "Èmi ni mo parọ́." Ó fi fóònù tirẹ̀ pe Kánádà.

"Abibat, ibi iṣẹ́ ni mo wà o. Ṣé kò sí nǹkan?"

Nígbà tí ìyá gbọ́ ohùn yẹn, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ Abibat. Ó fi í mọ́ àyà.

"Torí láìnì lo ṣe pa ẹ̀gbọ́n ẹ?" ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bi í.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ní, "Ẹnu tó o fi pa á ni wàá fi jí i. Bẹ̀rẹ̀ látilé ìyá Àdíját."

Ilé mọ́kànlá ni Abibat wọ̀ ní Ojowo, ó ń kúnlẹ̀, ó ń ṣàlàyé. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kẹsàn-án, fóònù rẹ̀ dún. Lẹ́tà Ọláyíwọlá ló dé, ó ti fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ kan péré ni ì bá fi ní sùúrù. Ó kà á tán, ó rìn lọ sílé kẹwàá. Ó ti wá yé e pé irọ́ téèyàn pa torí kó lè sinmi, òun gan-an ni kì í jẹ́ kéèyàn sinmi.