Ibi Tí Omi Máa Gbà

"Ẹ wá wo ọmọ! Ẹ wá wo orí pípé!"

Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúndé ló ń dún bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀. Catherine, ọmọ rẹ̀, ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì. Kò béèrè ẹni tí bàbá òun ń yìn. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kì í ṣe Oyinadé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí wọ́n mú wá láti Ìkọ̀lé-Èkìtì pé kó wá parí ìwé mẹ́wàá l'Ọ́gbà? Catherine fi abọ́ lu abọ́ gbàgà, ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló dé.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni. Awọnlẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúndé, ó sì ti ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan sílé. Ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé. Wọ́n rí ilẹ̀ méjì, ọ̀kan létí kánàlì, èkejì lókè lẹ́bàá títì. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúndé ní kí wọ́n má tíì yan ọ̀kankan, òun yóò fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tí yóò fi ibi tí omi máa gbà hàn bí òjò bá dé.

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì lọ wọn ilẹ̀ náà. Rọ́bà gígùn tí àwọn bíríkìlà máa ń bu omi sí ni wọ́n lò. Catherine di ẹnu kan mú, Oyinadé di ìkejì. Ibi tí omi bá dúró sí nínú rọ́bà ni wọ́n fi ń mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì ni oòrùn pa. Àmọ́ nígbà tó kan ká jókòó ti kọ̀ǹpútà, fíìmù ni Catherine ń wò. Oyinadé ló tẹ gbogbo nọ́ńbà sí i, òun ló kọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ro ọ̀nà omi. Ẹ sọ fún mi, ta ló yẹ kí wọ́n yìn?

"Oyinadé ló máa ṣàlàyé fáwọn àgbà ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi," ni bàbá wí.

Catherine jáde láti kíṣìnnì. "Èmi ńkọ́, Dádì? Ṣebí àwa méjèèjì la wọn ilẹ̀?"

"Ìwọ? Ṣé o tiẹ̀ mọ̀ ọ́n tàn ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Oyinadé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyẹn ló sì dun Catherine jù.

Ó mọ̀ ọ́n tàn, ẹ má dá bàbá rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí Oyinadé lọ pọnmi lọ́jọ́ Sátidé, Catherine jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó wá àwọn nọ́ńbà ilẹ̀ etí kánàlì, ó sì ń fi kún wọn títí kòtò fi di òkè. Ó rò pé àwòrán náà máa rí rádaràda, kí ojú lè ti Oyinadé níwájú gbogbo ìjọ.

Àwòrán náà ò rí rádaràda rárá. Ó rẹwà, ilẹ̀ etí kánàlì sì gbẹ táútáú nínú rẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́ jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ìgbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì ni Oyinadé tó rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé ibí yìí rẹlẹ̀ ju báyìí lọ," ló ń wí.

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà kì í parọ́," ni Alàgbà Gbénró, olórí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, dá a lóhùn. Ilẹ̀ etí kánàlì ti wù ú tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó fẹ̀. Ó ní kí ìjọ ké Halelúyà méje. Nínú ìjọ yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti ké Halelúyà méje lé lórí, ó parí nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Oyinadé, àwọn ìyá ìjọ ń dì mọ́ ọn. Catherine ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Ó ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ tán, wọ́n tún wá ń yìn ín sí i!

Wọ́n ti mọ ògiri dé ojú fèrèsé kí òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀. Kánàlì kún, omi gbé sìmẹ́ǹtì lọ, ògiri wó lulẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọdé ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

"Ọmọ yìí dójú tì mí!" ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúndé ń pariwo. "Kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, kó máa lọ sí Ìkọ̀lé."

Bẹ́ẹ̀ ìdánwò WAEC ti sún mọ́lé. Bí Oyinadé bá lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Inú Catherine dùn. Ẹ ò ṣì mí gbọ́, inú rẹ̀ dùn! Ó wọ yàrá kó lè lọ wo ẹkún. Oyinadé ò sunkún, ó ń ká aṣọ.

"Bí wọ́n tiẹ̀ ní kí n dúró, mi ò ṣèdánwò kankan mọ́," ni Oyinadé wí. "Mo rò pé mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe ni. Orí mi ò pé, Catherine. Ìwọ náà ti mọ̀ tipẹ́, o kàn ń ṣàánú mi ni."

Àánú kẹ̀! Catherine jáde kúrò ní yàrá. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Dádì, èmi ni mo yí nọ́ńbà yẹn padà. Mò ń jowú ẹ̀ ni."

Bàbá ò nà án. Ó mú un lọ síwájú ìjọ, ó ní kó tún un sọ, ó sì fi ẹkún sọ ọ́. Alàgbà Gbénró náà gbà pé ó yẹ kí òun ti gbọ́ ti Oyinadé. Ó ní kí wọ́n tún àwòrán náà yà, bàbá náà sì ní kí Oyinadé má lọ sí Ìkọ̀lé mọ́.

Nílé, Catherine ń ka nọ́ńbà látinú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀, Oyinadé ń tẹ̀ ẹ́. Catherine ka ti àkọ́kọ́. Oyinadé na ọwọ́.

"Mú un wá, kí n fojú ara mi rí i."

"Òótọ́ ni mo kà, Oyinadé."

"Mo gbọ́."

Ó gba ìwé, ó wò ó, kó tó tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí wọ́n fi parí.

Oyinadé ṣèdánwò rẹ̀, ó sì yege. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun tí ẹnì kan mọ̀ bá ń dùn yín, ẹ lọ kọ́ ọ. Ọ̀nà tí Catherine gbà ò dín ohunkóhun kù nínú ọpọlọ Oyinadé. Catherine fúnra rẹ̀ ló wá di ẹni tó ń sọ òótọ́ tí wọn ò gbà á gbọ́.