Álọ́ọ̀mù Olójú Mẹ́fà

"Ta ló fọwọ́ kan ìgò mi?" Ojúọlá béèrè, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni.

Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni ìbá tún jẹ́? Ìwọ tí o ń ṣí i wò bí ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná!"

Ọdún 1993 ni, ní ilé ìwé girama kan ní Ìnísà. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, tíṣà kẹ́mísìrì, ní kí olúkúlùkù fi òwú so horo álọ́ọ̀mù kan, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi kànga tòrò, kí wọ́n fi kọ́ ọ sínú ìgò omi tó ti mu álọ́ọ̀mù yó. Díẹ̀díẹ̀ ni horo náà yóò máa dàgbà di kírísítà tó ń dán.

"Ẹ fara balẹ̀ o," ni tíṣà wí. "Átọ́ọ̀mù tó para pọ̀ di nǹkan gbogbo kéré débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n nínú kírísítà, wọ́n tò bí ebè inú oko àgbẹ̀ tó mọṣẹ́, ìlà lórí ìlà. Bí wọ́n bá ṣe tò nínú ni kírísítà ṣe ń rí lóde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba pe tíṣà náà lọ sí kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Òṣogbo. Kírísítà tó bá dára jù ni wọn yóò gbé lọ bá àwọn ilé ìwé yòókù díje ní Ìkìrun.

Ojúọlá kò ní sùúrù. Ó gbé ìgò rẹ̀ sóòrùn kí omi lè tètè fà. Nígbà tí yóò fi padà wò ó, horo rẹ̀ ti hu èépá funfun bí ara ògiri àtijọ́. Ti Ṣìkẹ́mi kò ju èso àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara.

Ojúọlá lọ mú òkúta álọ́ọ̀mù ńlá kan níbi tí ìyá rẹ̀ ń kó o sí, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, Morákinyọ̀ káfíńtà. Òórùn igi tútù ṣọ́ọ̀bù náà kò kúrò nímú ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí.

"Bàámi, wọ́n ní ká gbẹ́ èyí kó dán, ká gbé e wá sílé ìwé."

Ojú bàbá tàn. "Iṣẹ́ ìwé tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé! Gbé e wá. Ọmọ káfíńtà kì í gbé ohun tó wọ́ jáde." Ó fi ayùn kékeré rẹ́ ẹ, ó fi sáńpépà tó kúnná jù fá a, ó sì fi irin ìwọ̀n igun wọ̀n ọ́n níhà gbogbo, títí ó fi ní ojú mẹ́fà tó dọ́gba.

Nígbà tí Ojúọlá gbé e dé kíláàsì, Ṣìkẹ́mi wò ó títí. "Kí ló dé tí tìrẹ fi dà bí dáìsì lúdò?"

"Ìlara ń dà ọ́ láàmú."

Ọ̀gbẹ́ni Matthew, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, tó jẹ́ tíṣà Bíbélì, ló yan èyí tí wọn yóò gbé lọ. "Èyí tó tóbi ni kẹ́ ẹ gbé," ló sọ. Bí ìgò Ṣìkẹ́mi ṣe jókòó sójú fèrèsé nìyẹn.

Ní Ìkìrun, Morákinyọ̀ wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó jókòó síwájú. Ìyáàfin Motọ́láyọ̀, tó ń ṣe ìdájọ́, gbé álọ́ọ̀mù náà sókè.

"Báwo lo ṣe tọ́ ọ dàgbà, ọmọ mi?"

"Mo fi òwú kọ́ ọ sínú omi, mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Álọ́ọ̀mù kì í dàgbà báyìí. Iyọ̀ ló ń ní ojú mẹ́fà. Bí ti álọ́ọ̀mù ṣe tò nínú, ojú mẹ́jọ ló ń yọ. Wo ti àwọn ará Òkukù. Ta ló gé èyí?"

Kí Ojúọlá tó lanu, bàbá rẹ̀ ti fò dìde. "Èmi ni, mà! Èmi bàbá rẹ̀! Mo fi irin wọn igun rẹ̀, kò sí èyí tó yẹ̀ níbẹ̀!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kan ń lu tábìlì. Bàbá náà kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yé e pé òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ forí jì wá, mà. Àìmọ̀kan tèmi ló ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́."

Ojúọlá ń wo ilẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ. Kò sọ ọ́. Òkukù ló gba ipò kìn-ín-ní.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ìjọ Aládùúrà wọn, Morákinyọ̀ dìde nígbà ẹ̀rí. "Ẹ̀yin ará, ọmọ gbé iṣẹ́ ìwé wá, èmi tí n kò kàwé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ bá mi gbàdúrà kí àìmọ̀kan mi má ṣe dí ọmọ yìí lọ́nà."

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ ké.

Àmín yẹn gún Ojúọlá lọ́kàn. Kò mọ ìgbà tó dìde. "Bàámi kò ṣẹ̀. Èmi ni mo parọ́ fún wọn. Wọn ò ní ká gbẹ́ ẹ, omi ló yẹ kó tọ́ ọ dàgbà. Mo ba tèmi jẹ́, mo gba àyè Ṣìkẹ́mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi bàámi ṣẹ̀sín."

Morákinyọ̀ rọra jókòó bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn.

Kò nà án. Lójú ọ̀nà ilé ló sọ̀rọ̀. "Pé o kùnà kò dùn mí, Ojúọlá. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú àwọn ọmọdé, o sì ń wò mí." Kò tún un sọ mọ́ láyé. Ì bá sàn fún Ojúọlá kó fi pákó nà án.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bẹ Ṣìkẹ́mi. "Mo ti gbọ́," ni Ṣìkẹ́mi wí, ó sì kó ìwé rẹ̀ lọ sórí àga mìíràn. Ibẹ̀ ló jókòó títí wọ́n fi ṣe ìdánwò àṣejáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, sáńpépà lè dán ojú òde, kò lè tún inú tò. Ẹni tó fẹ́ràn wa jù ni irọ́ wa sì máa ń dójú tì. Ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹni ẹlẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀ nítorí yín.