Ẹ Jáde Wá, Kò Séwu Mọ́

Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. O ò pààyàn rí, àbí? Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan wà lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó fi ń kéde òkú, ọmọ tó sọnù àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Akéde ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, àwọn tó ráyè sá kó sínú àbàtà. Àwọn apààyàn wá wọn tì, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Akéde. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sétí àbàtà, ó fohùn jẹ́jẹ́ pè wọ́n pé, "Ẹ jáde wá, kò séwu mọ́." Nítorí pé wọ́n mọ ohùn rẹ̀, wọ́n jáde, tìyátọmọ. Àdá ló pàdé wọn.

Akéde padà sídìí rédíò, ó ń jẹ, ó ń mu. Ó bí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn bí ẹyinjú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní kò sẹ́ni tó kú, òkè òkun ni wọ́n sá lọ. Bí onítọ̀hún kò bá dákẹ́, á ní àfọwọ́fà wọn ni. Gbọ́ o: wọn ò kú, síbẹ̀ àfọwọ́fà ni ikú wọn. Kò tilẹ̀ ráyè to irọ́ náà kó bára mu.

Aládùúgbò rẹ̀ kan, káfíńtà tó ti gba Jésù, wà nínú àbàtà lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ́ ni kò jẹ́ kó jáde. Nígbà tí ọmọ Akéde ti gbọ́njú, káfíńtà yìí wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo gbọ́ ohùn rẹ, tí o ń pè wá pé ká jáde, kò séwu mọ́," ó ní. "Ìyàwó mi tẹ̀ lé e. Jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, kó o sì jẹ́wọ́ fáwa náà."

Akéde rẹ́rìn-ín. "Èmi? Ọ̀rọ̀ lásán ni mo sọ. Ṣé ẹnu máa ń pààyàn ni?"

Kò mọ̀ pé ọmọ òun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ náà sá jáde, ó forí lé ọ̀nà àbàtà, bẹ́ẹ̀ òjò ti rọ̀, odò sì ń kún bọ̀. Akéde gbé ẹ̀rọ, ó sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù pé omi á gbé e lọ bà á débi pé ó wá ọ̀rọ̀ tì. Èyí tó bọ́ sí i lẹ́nu ni: "Ọmọ mi, jáde wá, kò séwu mọ́."

Ọmọ náà dáhùn láti inú koríko: "Bàbá, ohun tí ẹ sọ fún wọn náà nìyẹn."

Kò jáde. Káfíńtà tó ti sáré tẹ̀ lé wọn ló wọ inú omi tó mu ún dé àyà, tó gbé e wá sókè, tó sì gbé e kọjá níwájú baba rẹ̀. Akéde ṣubú lulẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹnu mi ló pa wọ́n," ó ní. "Jésù, ṣàánú mi."

Lọ́jọ́ kejì ó tan ẹ̀rọ kan náà, ó jẹ́wọ́ fún gbogbo àdúgbò, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n inú ẹ̀wọ̀n ló ti ń kọrin ìyìn. Ọmọ rẹ̀ kò tíì lọ wò ó.

Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó kàn dúró wòran, ìwọ tí wọ́n kàn pàṣẹ fún, ta lò ń tàn jẹ? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọlọ́run tó béèrè Ábẹ́lì lọ́wọ́ Káínì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Má fún un ní èsì Káínì.

Jésù ń pè ọ́ kúrò níbi tí o sá pa mọ́ sí. Kò sí àdá lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n kàn mọ́ igi ló nà sí ọ. Jáde wá lónìí, kí omi tó kún.