Ẹrù Ẹni Méjì

Ènìyàn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni kìíní ni Alájì Tàjùdíìnì, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ gbígba ẹrù oníṣòwò jáde lọ́wọ́ aṣọ́bodè ní pọ́ọ̀tù Lomé. Ẹnì kejì ni ìyàwó wọn, Tántì Àbẹ̀bí. Ẹnì kẹta ni èmi, Sàídátù. Alájì ni wọ́n ń múra ìrìn àjò. Tántì ni wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́. Èmi ni mo di ẹrù náà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ẹlẹ́bi kiri.

N kì í ṣe ẹni tí ń gba ohun tí kò rí gbọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Ohun tí mo bá wọ̀n, mo máa ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí mo kọ àwọn iye inú ìtàn yìí sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ àti wákàtí sì wà lára rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni mo ń sọ. Ibi tí n kò bá ti mọ̀, n ó sọ pé n kò mọ̀.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti lọ tí odò sì fà, Alájì máa ń dá nìkan lọ pẹja ní àríwá, níbìkan tí ó kọjá Sokodé. Ọkọ̀ á gbé wọn dé ibi tí títì ọlọ́dà tán sí. Alùpùpù á gbé wọn wọ igbó fún wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n á fẹsẹ̀ rìn títí dé ibú kan tí ẹja àrọ̀ máa ń kóra jọ sí. Kò sí abúlé níbẹ̀. Fóònù kì í ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn nìkan ni etí àwọn máa ń sinmi láàárín ọdún.

Lọ́dún tó kọjá, tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tí wọ́n mú lọ bọ́ sómi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ ìwọ̀ nínú òkùnkùn, ìwọ̀ náà sì wọlé kan egungun. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, ọwọ́ ọ̀tún wọn ti wú bí iṣu. Díẹ̀ ló kù kí dókítà gé ìka méjì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Tántì fi pè mí lọ́dún yìí.

"Sàídá, wá bá mi wo ẹrù ọkọ mi. Mi ò tíì fẹ́ di opó."

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé ilé wọn ní Sanguéra, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Alájì ti tẹ́ ẹrù náà sílẹ̀ ní pálọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì kan. Ọ̀bẹ kan. Kọ́ọ̀pù kan, ṣíbí kan, ẹní kan. Okùn ìwọ̀ kan tí wọ́n ká mọ́ igi.

"Bàbá, tọ́ọ̀ṣì kejì ńkọ́?"

"Madáàmù Sékúríté ti dé," ni wọ́n wí. "Ṣé ojú mẹ́rin ni mo ní?"

"Ohun tí ẹ̀mí ènìyàn bá rọ̀ mọ́, méjì là ń mú un. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn."

"Òfin pọ́ọ̀tù. Odò kì í ṣe pọ́ọ̀tù."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Bàbá arúgbó kan tí ń jẹ́ Bàlògún, ará Ifẹ̀ ti ìhà Atakpamé, ló kọ́ wọn ní ẹja pípa. Ó ti kú tipẹ́. Bàbá náà ní ẹni tí ó bá ń dá lọ sódò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ó mú ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá di ẹrù ẹni méjì, ẹnì kejì á wá gbé tirẹ̀.

"Ẹnì kejì wo?" ni mo bi wọ́n.

"Mi ò bi í."

"Alájì, ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Mẹ́kà!" ni Tántì pariwo láti ilé ìdáná.

"Mo lọ. Báàgì kan ṣoṣo ni mo gbé lọ síbẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alájì ní kí n bá àwọn di ẹrù náà sínú àpò ńlá àwọn, wọ́n sì bọ́ sí mọ́sálásí fún ìrun alásàrí.

Tántì wò mí. Mo wò wọ́n. Wọ́n kàn na kọ́ọ̀pù kan àti ṣíbí kan sí mi. Mo mú tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀bẹ tí mo rà bọ̀ jáde. Mo fi okùn ìwọ̀ kejì kún un. Mo ká ẹní kejì sínú ẹní àkọ́kọ́ kí ó má baà hàn. Ìsàlẹ̀ àpò ni mo tẹ ìyókù sí. Kí n tó fi wọ́n kún tiwọn, mo ti gbé àpò náà kọ́ òṣùwọ̀n àfikọ́ tí mo mú wá: kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti igba gíráàmù. Nígbà tí mo ṣe tán, ó di kílò méjìdínlógún àti irínwó gíráàmù. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Mo fa sípù.

Ilé wá dákẹ́. Mo rántí ìdákẹ́jẹ́ náà, nítorí pé àwọn adìẹ aládùúgbò tí ó ti ń ké láti àárọ̀ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Atẹ́gùn kò fẹ́. Mo ń gbọ́ mímí ara mi.

Alájì padà dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò bọ́ bàtà.

"Ta ló wá?"

"Kò sẹ́ni tó wá, Bàbá."

"Ẹnì kan ń fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń kọjá."

A yí lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kò sí ẹnikẹ́ni. Kọ́ọ̀pù kan wà lórí etí kànga. Inú rẹ̀ tutù. Alájì gbé e wọlé bí ẹni gbé kọ́ọ̀pù ilé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n: etí rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀. Òun ni Tántì fún mi. Mo sáré wo àpò. Sípù rẹ̀ wà ní pípadé bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé mo gbàgbé rẹ̀ síta. Mo dá a padà sínú àpò nígbà tí Alájì kò wò. Mo kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.

Mo sùn sí ilé wọn. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Tántì bu ìrẹsì. Èmi ni mo lọ gbé àwo. Àwo mẹ́rin ló wà lórí tábìlì.

"Tántì, ta lẹ bu èyí fún?"

Wọ́n fi ṣíbí ìbujẹ ka àwọn àwo náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Gbogbo wa ni mo bù ú fún."

"Àwa mẹ́ta."

Wọ́n jókòó sórí àpótí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé àwa mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n mo fi ẹran tí ó fẹ́ràn sí i."

"Ta ló fẹ́ràn ẹran náà?"

Wọ́n mú ọmọrí, wọ́n bo àwo kẹrin náà. Nígbà tí Alájì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò jẹun, wọ́n ní inú ń run àwọn.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Alájì jókòó ní àgbàlá, wọ́n ń so òjé mọ́ okùn. Mo wà lójú fèrèsé. Mo gbọ́ ohùn wọn.

"Rárá o. Omi rẹ̀ kò jìn. Orúnkún ni."

Wọ́n tẹ́tí.

"A ó dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Fọkàn balẹ̀."

Mo jáde sí àgbàlá.

"Bàbá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni. Ìwọ kọ́ lo dúró sí mi lẹ́yìn, tí ò ń fi ìbéèrè yọ mí lẹ́nu?"

"Inú ilé ni mo wà."

Òjé bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò wẹ̀yìn.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti jókòó."

Wọ́n rọra ṣa òjé náà nílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọlé lọ ṣe àlùwàlá.

Mo ti ara mi mọ́ yàrá pẹ̀lú àpò náà. Mo kó àwọn nǹkan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo fi kún un jáde, mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé àpò kọ́ òṣùwọ̀n. Kílò méjìdínlógún àti irínwó gíráàmù. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e kọ́. Bákan náà. Mo lọ gbé àpò ìrẹsì kílò márùn-ún láti ilé ìdáná, mo fi dán òṣùwọ̀n wò. Kílò márùn-ún géérégé. Mo gbé àpò Alájì kọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò yí padà.

N kò ní àlàyé fún èyí nígbà náà. N kò ní i títí di òní.

Mo lọ bá Alájì ní pálọ̀. Tántì wà níbẹ̀.

"Bàbá, mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n má ṣe."

Wọn kò bínú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Nígbà wo?"

"Lánàá, nígbà tí ẹ lọ kírun. Nǹkan mẹ́fà ni. Mo ti kó wọn jáde."

"Ǹjẹ́ àpò náà fúyẹ́?"

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n fún ẹnikẹ́ni.

"Rárá, Bàbá."

Tántì kúnlẹ̀. "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́. Ẹja wà lọ́jà."

"Bí mi ò bá lọ, níbo ni yóò máa gbé?"

Àwọn fúnra wọn ló dáhùn.

"Inú ilé yìí ni. Lọ́dọ̀ ẹ̀yin. Ìrìn àjò la tìtorí ẹ̀ pè é. Ìrìn àjò ni n ó mú un lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ," ni mo wí.

"Kí a wá di mẹ́ta?" Wọ́n gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Dá nǹkan ẹ̀ padà sínú àpò, Sàídá. A kì í pe ènìyàn tán ká tún gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo dá wọn padà. N kò tún wọ̀n ọ́n mọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, a sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Donald gbé àpò sórí ọkọ̀, ó so ó. Alájì jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé. Obìnrin kan fẹ́ jókòó tì wọ́n. Donald dá a dúró, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Mina pé kí ó wá síwájú, ẹnì kan ti wà níbẹ̀.

Àga náà ṣófo. Mo ń wò ó.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni mo bi í.

Ó wo àga náà. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Alájì kò juwọ́ sí wa. Wọ́n ti kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu wọn sì ń mì.

Mo dúró ti Tántì nílé. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ilé náà fúyẹ́. Àwọn adìẹ ń ké. Tántì ń bu oúnjẹ sí àwo méjì, wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà. Ọjọ́ kẹsàn-án pé, Alájì kò dé. Ní ọjọ́ kẹwàá, Tántì kò fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà sílẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n wọlé. Ara wọn le. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Ọwọ́ wọn ṣófo.

Tántì dì mọ́ wọn, wọ́n sunkún. Èmi ni mo béèrè.

"Bàbá, ẹrù yín dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ẹ ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀?"

Wọ́n mi orí. "Mi ò fi í sílẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ní ẹja ṣì pọ̀. Ó ní kí n máa ṣáájú."

"Ṣáájú lọ síbo?" ni Tántì bi wọ́n.

Alájì wo pálọ̀ yíká, wọ́n wo àga, wọ́n wo ilẹ̀kùn yàrá tí mo máa ń sùn.

"Ilé," ni wọ́n wí.

Kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ náà, a ti kó aṣọ àti ìwé wa jáde. Yàrá méjì ni a háyà ní Nyékonakpoè, ibẹ̀ ni a sì wà títí di ìsinsìnyí. Alájì kò lọ sí àríwá mọ́, wọn kì í sì í fẹ́ kí a fi àwọn nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi kọ́ ilé Sanguéra: yàrá mẹ́rin, kànga, igi máńgòrò méjì. Òun ni a pàdánù. A kò tà á, nítorí pé a kò mọ ohun tí a ó sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á.