Ẹ Má Fi Òyìnbó Ẹnu Bàbá Wọn Ọpọlọ Rẹ̀

"Bàbá, ẹ tún ti gbàgbé gáàsì! Ilé yìí ì bá jóná!"

Ìyá ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ilé ìdáná. Ìkòkò ti dúdú, omi inú ẹ̀ ti gbẹ. Bàbá jókòó ní pálọ̀, ó ń wo ìyàwó ẹ̀ bí àlejò.

Ògbifọ̀ ni Bàbá ní kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì. Adájọ́ á sọ òyìnbó, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, Bàbá á ti sọ ọ́ di Yorùbá. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́mọ. Òun náà ló wá kó bá a.

Ìyá fi ẹkún bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Àkọ́bí wọn, tó ń tún fóònù ṣe, bú sẹ́rìn-ín.

"Ọsibítù kẹ̀? Mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé ẹni tó bá gbọ́ èdè méjì, ọpọlọ ẹ̀ kì í tètè gbó. Ẹ wò ó." Ó kọjú sí Bàbá, ó da òyìnbó gbọọrọ bò ó. "Bàbá, ẹ túmọ̀ ẹ̀!"

Bàbá túmọ̀ ẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Ọpọlọ tó jí pépé!"

Bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tì nínú ilé ara ẹ̀, wọ́n ní kó túmọ̀. Bàbá pe Ìyá ní "màdáámù," ó bi í pé ìgbà wo ni ọkọ ẹ̀ máa dé, wọ́n tún ní kó túmọ̀. Wọ́n á wá pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ kẹ̀! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìgbà tí Bàbá jáde tí kò mọ̀nà ilé mọ́, tó jẹ́ ọlọ́pàá ló mú un wálé, ni wọ́n tó gbéra.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ń bá Àkọ́bí sọ̀rọ̀. Dókítà ò gbọ́ Yorùbá, Ìyá ò gbọ́ òyìnbó. Kí Àkọ́bí tó lanu, Bàbá ti dìde, ó kọjú sí Ìyá, ó ń túmọ̀ bíi ti kóòtù:

"Dókítà ní àrùn ìgbàgbé ti wọ ọkùnrin yìí lára tipẹ́. Ó ní òótọ́ ni pé èdè méjì ń fún ọpọlọ níṣẹ́ ṣe, àwọn onímọ̀ kan sì rí i pé ó lè jẹ́ kí àrùn náà pẹ́ kó tó hàn. Àmọ́ kì í lé e lọ. Ó lè máa jẹ ọpọlọ lábẹ́lẹ̀, kí ẹnu ṣì já gaara. Ó ní ká ní wọ́n tètè mú un wá ni, ìtọ́jú ì bá ràn án lọ́wọ́ ju báyìí lọ."

Ó jókòó, ó wojú Ìyá tàánútàánú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màdáámù. Ṣé ọkọ yín ni aláìsàn náà?"

Àkọ́bí bú sẹ́kún. Ẹkún kí ló ń sun? Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará, ẹ máa sọ èdè yín, ẹ fi kọ́ ọmọ, ẹ kọ́ òmíràn mọ́ ọn, ó dáa. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di oògùn. Tí àgbàlagbà yín bá ń gbé nǹkan sórí iná tó ń gbàgbé ẹ̀, tó ń ṣìnà lójú ọ̀nà tó mọ̀ dunjú, tí kò dá ará ilé ẹ̀ mọ̀ mọ́, ẹ má ní ogbó ni. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù, kódà bó ń sọ èdè mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ sì máa gbọ́ ti ẹni tó ń bá a gbé. Ìyá kúkú sọ ọ́ tẹkúntẹkún, èdè tí gbogbo ilé gbọ́ ló sì fi sọ ọ́.