Pákó Tí Kò Gba Ìkúnlẹ̀

Nígbà tí a ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí eruku pupa ṣì ń kùn wá ní gìgísẹ̀, ta ló jẹ́ kọjá níwájú àgbà láìdúró? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyẹn ṣe parí ní Òkè-Àpáta, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé bẹ́ẹ̀ la ṣe bá ayé.

Moróunmúbọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe pákó aléfòó. Ọ̀mọ̀wé ni, ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Ó de òòfà mọ́ abẹ́ pákó, ó ní kí wọ́n máa yí bìrìbìrì. Tí òòfà bá ń yí lórí bàbà, iná mànàmáná á jí nínú bàbà náà, á sì máa ti òòfà sókè. Lórí yẹ̀pẹ̀ lásán, pákó ò ní mira. Ìdí nìyí tí ìlú fi kó ìkòkò bàbà àti wáyà àtijọ́ jọ, tí wọ́n yọ́ wọn, tí wọ́n fi tẹ́ títì kan ṣoṣo, láti ọjà dé iwájú ilé bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo ìlú jáde. Moróunmúbọ̀ gun pákó, pákó gbéra nílẹ̀, ó ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Ariwo sọ! Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Bàbá Ọlátẹ́jú, tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Kí lọmọ tí a kọ́ máa ṣe? Ó kúnlẹ̀.

Yéè! Ohun tó léfòó kò tẹlẹ̀, kò sí ohun tó dì í mú. Bí ara Moróunmúbọ̀ ṣe tẹ̀ síwájú ni pákó yọ̀ bọ́ sẹ́yìn, Ọ̀mọ̀wé sì dojú bolẹ̀.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Ẹ̀rọ tí ò jẹ́ kí ọmọ kúnlẹ̀ fún bàbá ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ ká bàbà yìí kúrò nílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ṣeé tún ṣe," ni Moróunmúbọ̀ wí. "Tí bàbà bá nípọn sí i, á di pákó mú, pákó á sì gba ìkúnlẹ̀."

"Níbo la ti fẹ́ rí i? Ìkòkò ìyá mi gan-an ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ."

Ìgbà èwe rẹ̀ látòkè délẹ̀ ló fi ṣe pákó yẹn. Omi ti gba ojú rẹ̀. Bàbá Ọlátẹ́jú bá dìde.

"Baálẹ̀, ẹ má bínú. Èmi ló ń kúnlẹ̀ fún, èmi náà ni mo yọ̀ǹda. Àyọ̀ká, tí o bá wà lórí pákó, máa juwọ́ sí mi. Ó tó."

Àyọ̀ká ni oríkì rẹ̀. Láràárọ̀ tó bá kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ á gbọ́wọ́ lé e lórí, á ní, "Àyọ̀ká, dìde. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ." Láti ọjọ́ yẹn, ó di ká máa juwọ́.

Nígbà tó yá, bàbà rẹpẹtẹ dé láti òkèèrè, gbogbo títì di bàbà. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìkúnlẹ̀ mọ́, àní Moróunmúbọ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, bàbá rẹ̀ ti nawọ́ sókè kí òun tó juwọ́ rárá. Ó juwọ́ padà, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

Nígbà tó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bàbá ṣì wà lórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ kan di àyà mú. Ara rẹ̀ ti tutù.

Ìyá Fadékẹ́, aládùúgbò wọn, ti káwọ́ lérí. "Háà, Ọ̀mọ̀wé! Látàárọ̀ ló ti ń nawọ́! Gbogbo wa la juwọ́ sí i, a sì kọjá."

Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Àgbà náà ṣípá, ìlú ń kí i lọ.

Moróunmúbọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó. Ó kúnlẹ̀ lórí bàbà níwájú bàbá rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń retí. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ dìde," ni Ìyá Fadékẹ́ ń wí, ó ń fà á lápá. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù tó ń pè é ní Àyọ̀ká.